Wọ́n ní géèmù ìwakọ̀ tó bá jọ òtítọ́ jù kì í pa owó

Ilé géèmù kan wà ní Ṣàǹgó n'Ìbàdàn, kò jìnnà sí Pólì, tí mo ti ń yà sí láti ìgbà tí mo wà nílé-ẹ̀kọ́. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́fà, PS mẹ́fà, bẹ́ǹṣì méjì fún àwọn tó ń dúró de àyè. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá níbẹ̀. Ẹ ó sanwó ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Ẹni tó bá jẹ á jókòó sí i, ẹni tí wọ́n bá nà á dìde fún ẹlòmíì. Lọ́jọ́ kan mo bi ẹ̀gbọ́n tó ni ibẹ̀ pé kí ló dé tí wọn ò fi géèmù ìwakọ̀ gidi kan kún un, irú èyí tí wọ́n ń fi sítíárìn àti pẹ́dà wà lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ìyẹn ò lówó lórí. Ó le jù. Àwọn tó ń ṣe é gan-an, wọn ò ní pẹ́ kógbá wọlé."

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiwọn nìkan. Mo ti gbọ́ ọ ní Bódìjà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ ní Dùgbẹ̀, àwọn òyìnbó pàápàá sì ti ń sọ ọ́ láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ní géèmù tó bá jọ òtítọ́ jù á lé èrò sá, níbi tí èrò ò bá sì ti sí, owó ò sí níbẹ̀. Géèmù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí ọmọdé lè gbá ló máa gbé gbogbo wọn mì. Apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́, nítorí èrò kì í pọ̀ nídìí ẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ ni ibi tí wọ́n ti so iye èrò mọ́ iye owó.

Ẹ wo awakọ̀ Micra kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní Mọ́kọ́lá nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Kí èrò tó wà lẹ́yìn tó mọ̀ pé ọkọ̀ fẹ́ yọ̀, ọwọ́ awakọ̀ ti mọ̀. Sítíárìn ti fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. Ohun tí ọwọ́ awakọ̀ yẹn mọ̀ ni ọjà tí àwọn tó ń ṣe sim, ìyẹn géèmù ìwakọ̀ tó jọ òtítọ́, ń tà. Nínú sim, kọ̀ǹpútà á máa ṣírò bí táyà kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbóná, bó ṣe ń jẹ, bó ṣe di títì mú, bí ìwúwo ọkọ̀ ṣe ń sún síwájú tí ẹ bá tẹ bíréèkì, bí ọkọ̀ ṣe ń fúyẹ́ bí epo ṣe ń tán lọ. Yóò ṣírò gbogbo rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò sì fi í ránṣẹ́ sí mọ́tò kékeré tó wà nínú sítíárìn, kí ọwọ́ yín lè gbọ́ ọ. Nínú géèmù ìwakọ̀ yòókù, ẹ lè fi ọkọ̀ gba ògiri kẹ́ ẹ sì máa bá tiyín lọ. Nínú sim, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ẹ ó fi kọ́ bí ẹ ó ṣe máa tẹ bíréèkì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló ń lé èrò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọjá rẹ̀, kì í lọ mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni owó wà, ìtàn ilé-iṣẹ́ kan sì wà tí mo fẹ́ sọ dáadáa, nítorí òun ni gbogbo èèyàn máa ń tọ́ka sí láti fi ti ìgbàgbọ́ òdì yìí lẹ́yìn.

Ní 1998, ilé-iṣẹ́ Papyrus ní Amẹ́ríkà gbé Grand Prix Legends jáde. Àwọn ọkọ̀ Formula 1 ti ọdún 1967 ló wà nínú rẹ̀: ẹ́ńjìnnì alágbára, táyà tóóró, kò sí ìyẹ́ kankan tó ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹlòmíì rà á tán, kò lè yí pápá po lẹ́ẹ̀kan kó má kó sínú igbó. Kò tà púpọ̀. Papyrus kan náà ló ń ṣe géèmù NASCAR, ìdíje ọkọ̀ ńlá kan ní Amẹ́ríkà, èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn géèmù náà sì jáde ní 2003. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wà ṣì ń yìn ín dòní. Lẹ́yìn náà ni EA, ilé-iṣẹ́ géèmù ńlá kan, gba àṣẹ láti fi NASCAR ṣe géèmù fún ara rẹ̀ nìkan. Papyrus ò lè lo orúkọ ìdíje náà àti ọkọ̀ àwọn awakọ̀ rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa.

Ẹni tó ń wò láti òkèèrè á ní, "Ṣé ẹ ti rí i? Ó le jù, ó sì kú." Ṣùgbọ́n bí onílé bá lé ìyá aláàmàlà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, a ò lè torí ẹ̀ sọ pé ará Ìbàdàn ò jẹ àmàlà mọ́. Àṣẹ tí wọ́n fi ń ṣòwò ló bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó mọ géèmù náà ò lọ síbì kankan.

David Kaemmer, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Papyrus sílẹ̀, mọ èyí. Ní 2004, òun àti John W. Henry dá ilé-iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba ti Liverpool, ẹ mọ orúkọ kejì yẹn: ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Fenway Sports Group lónìí ló ra Liverpool ní 2010. Ẹni tó fi owó dókòwò títí tó fi ra ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ló fi owó síbi tí wọ́n ní kò sówó. Iṣẹ́ wọn, iRacing, sim tí àwọn èèyàn ti ń bá ara wọn díje lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣí fún gbogbo èèyàn ní 2008.

Àwọn tí wọ́n lé jáde ní ṣọ́ọ̀bù wá di onílé fúnra wọn. iRacing ò tà á fún yín lẹ́ẹ̀kan kó sì gbàgbé yín. Owó oṣooṣù ni, nǹkan bíi dọ́là 13 fún ẹni tó bá ń san án lóṣù lóṣù. Bí ẹ bá fẹ́ ọkọ̀ tí kò sí lára àwọn tí wọ́n fún yín, ẹ ó san nǹkan bíi dọ́là 12 sí i; pápá náà lówó tirẹ̀. Bí ẹ ò bá san owó oṣù mọ́, àwọn ọkọ̀ tí ẹ ti fowó yín rà á jókòó síbẹ̀, ẹ ò ní lè fọwọ́ kàn wọ́n. Èyí kò dùn mọ́ mi nínú rárá, mo sì rò pé ohun tí èèyàn bá ti sanwó rẹ̀ yẹ kó lè lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó ra géèmù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ á gbá a fún oṣù kan, yóò tún lọ ra òmíràn lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ayálégbé ni ti iRacing. Ó ti kó ẹrù wọlé, ó ti mọ àwọn aládùúgbò, ó sì ń san owó rẹ̀ lọ́dún kẹta, lọ́dún kẹfà.

Owó yẹn ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ lésà lọ sí pápá gidi, láti wọn gbogbo gegele àti kòtò tó wà lára títì. Nordschleife ti Nürburgring ní Jámánì, tí wọ́n fi kún un ní 2015, lé ní kìlómítà 20. Ìyẹn ju láti Ọ̀jọ́ọ̀ dé Challenge lọ. Ẹni tó ń ta géèmù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ò lè máa ná irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún.

Ní Oṣù Kẹta 2020, kòrónà ti gbogbo pápá pa. NASCAR kó àwọn awakọ̀ rẹ̀ gidi sórí iRacing. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, Denny Hamlin jókòó sílé rẹ̀, ó sì gba ipò kìíní lórí pápá Homestead-Miami tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Àwọn tó wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n lé ní 900,000. Ní Oṣù Kẹwàá 2023, iRacing kéde pé àṣẹ láti ṣe géèmù NASCAR ti dé ọwọ́ òun. NASCAR 25 jáde ní 2025. Àṣẹ tó pa Papyrus ti padà sọ́wọ́ ẹni tó dá Papyrus sílẹ̀.

Owó oṣooṣù kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo. Assetto Corsa, sim tí ilé-iṣẹ́ Kunos Simulazioni ti Ítálì gbé jáde ní 2014, ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó rà á. Ohun tó gbé e dúró ni pé wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń lò ó láti fi ọkọ̀ àti pápá tiwọn kún un. Òjò ò sí nínú géèmù náà nígbà tí wọ́n ṣe é. Àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ Kunos ni wọ́n kọ òjò sí i lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn èèyàn sì ń fowó oṣooṣù tì wọ́n lẹ́yìn kí wọ́n lè tètè rí i lò. Géèmù náà ti lé ní ọdún mẹ́wàá, wọ́n ṣì ń rà á. Live for Speed, sim mìíràn, kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, èèyàn mẹ́ta péré ló ṣe é, ó ti wà láti 2003.

Ẹ wá wo ẹni tó gba ìgbàgbọ́ òdì yìí gbọ́. Project CARS, sim kan tí wọ́n fi owó tí àwọn olólùfẹ́ ìwakọ̀ dá jọ ṣe, jáde ní 2015. Ìkejì rẹ̀ jáde ní 2017. Nígbà tó di ìkẹta ní 2020, wọ́n fẹ́ kí èrò pọ̀. Wọ́n yọ táyà tó ń jẹ kúrò, wọ́n yọ epo tó ń tán kúrò, wọ́n yọ yíyà sí gáréèjì láti pààrọ̀ táyà kúrò. Àwọn tó ti ń bá wọn bọ̀ bínú kúrò. Èrò tuntun tí wọ́n ń wá ti ní géèmù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó dùn ju tiwọn lọ. Ní 2022, EA, tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, fòpin sí Project CARS pátápátá. Ó dùn mí, nítorí ìkejì yẹn dára.

N kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá wọ òwò yìí ló ń là. Ilé-iṣẹ́ Motorsport Games wọ ọjà ìpín-ìdókòwò ní Amẹ́ríkà ní 2021, ó kó àṣẹ oríṣiríṣi jọ, àṣẹ NASCAR àti ti IndyCar, ìdíje ọkọ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà, sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Le Mans Ultimate, sim gidi, ló gbé wọn dìde. Endor ti Jámánì, tó ń ṣe sítíárìn Fanatec, kó sí gbèsè ní 2024, Corsair, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò kọ̀ǹpútà, sì rà á lọ́dún kan náà. Àwọn kan ní ìyẹn fi hàn pé ọjà ti kú. Bí ọjà bá ti kú, kí ni Corsair ń fowó rà? Gbèsè ló wó Endor, nígbà tí Moza àti àwọn ará Ṣáínà mìíràn ń ta sítíárìn tiwọn.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ṣàǹgó ò ṣìṣe nínú ìṣirò ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Bí ẹ bá ń gbowó lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, ẹni tó fẹ́ fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ kọ́ kọ́nà kan máa jẹ́ kí ẹ pàdánù owó. Mo sọ fún wọn pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbowó ni kò bá géèmù náà mu. Mo sì sọ pé kí wọ́n má torí iRacing da ara wọn láàmú: dọ́là wọ́n, nẹ́tíwọ̀kì á sì máa fà bí ẹ bá ń bá ẹni tó wà ní Yúróòpù sáré. Assetto Corsa ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá ń bá kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ díje, kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tó ní káàdì àwòrán tó mọ́yán lórí sì lè gbé e.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà. Sítíárìn Logitech G29 tòkúnbọ̀ kan ti wà lórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé báyìí, wákàtí ni wọ́n fi ń gbowó rẹ̀. Èèyàn mẹ́fà péré ló ń wá síbẹ̀, àwọn mẹ́fà kan náà ni lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, awakọ̀ Micra ni. Alẹ́ Ọjọ́rú ló máa ń wá lẹ́yìn iṣẹ́, pápá kan náà ló sì ti ń bá ṣe láti oṣù mẹ́ta. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá méjì kó bá àkókò tí ẹ̀gbọ́n fúnra wọn fi yí i po, tí wọ́n kọ sára ògiri.