Róòsì wo ló lè gun ògiri ní Òṣogbo? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí òdòdó onítàkùn

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní Òṣogbo báyìí, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí fẹ́ǹsì. Búlọ́ọ̀kù lásán, wáyà ẹlẹ́gùn-ún lórí rẹ̀, eruku ọyẹ́ lára rẹ̀. Onílé á ní òun fẹ́ òdòdó tí yóò gùn ún. Àwọn ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni mo kó jọ síbí, pẹ̀lú èsì mi. Mo fẹ́ràn róòsì gan-an, síbẹ̀ òun kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tó bá ní ògiri gígùn láti bò.

Ìbéèrè: Mo rí àwòrán róòsì tó gun iwájú ilé kan dé òrùlé ní ìlú òyìnbó. Mo ra méjì lẹ́bàá títì, mo gbìn wọ́n sídìí ògiri. Ọ̀kan kú, èkejì ò ga ju orúnkún lọ. Ṣé ilẹ̀ Òṣogbo ò gba róòsì ni?

Ó gbà á o. Irú èyí tí ẹ rà ni kì í gun nǹkan. Ìran róòsì pọ̀, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù nínú ọ̀rá dúdú lẹ́bàá títì, kúkúrú ni ìran tirẹ̀. Bí ẹ bá da gbogbo ìgbẹ́ adìyẹ tó wà nínú oko sí i nídìí, kò ní kan wíńdò.

Àwọn tó ń gùn náà yàtọ̀ síra. Apá kan nínú wọn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń tanná lọ́dún, òtútù líle ló sì ń mú kí wọ́n rudi. Àwọn lẹ máa ń rí nínú àwòrán ilé àwọn ará Ìlú Ọba, tí òdòdó bo ilé látilẹ̀ dókè. Ọyẹ́ tiwa ò tutù tó fún wọn. Ẹ gbìn wọ́n síbí, ewé ni wọ́n ó máa fi dá yín lóhùn.

Apá kejì ni àwọn tí ìran róòsì ilẹ̀ Ṣáínà wà lára wọn. Àwọn yẹn kì í retí òtútù. Bí ẹ̀ka tuntun bá ti yọ, ó ti ń múra àtirudi nìyẹn. Nínú wọn ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Noisette wà, tí ìran wọn bẹ̀rẹ̀ ní Charleston, ní South Carolina ti Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Ìgbà ooru ní Charleston máa ń gbóná, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì máa ń lọ́rinrin, ìdí nìyẹn tí ojú mi fi máa ń wà lára wọn. Àwọn Faransé ló wá tọ́jú ìran náà dàgbà: Lamarque jáde ní 1830, ó funfun, Rêve d'Or jáde ní 1869, Crépuscule ní 1904, àwọ̀ tirẹ̀ dà bí inú ìbẹ́pẹ tó pọ́n.

Ẹni tó ń tà á lè má mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ má fi ìyẹn dá a lẹ́bi. Ẹ ní kó mú yín lọ wo igi ìyá tó ti gé e lára. Bí ìyá náà bá ga ju èèyàn lọ, tó sì lódòdó lórí láìsí òtútù kankan, ẹ rà á. Bí kò bá rí ìyá fi hàn, ẹ fi owó yín ra nǹkan mìíràn.

Ìbéèrè: Kẹ́ńyà náà kì í ṣe ìlú òyìnbó. Báwo ni wọ́n ṣe ń kó róòsì ránṣẹ́ sí Yúróòpù?

Gíga ilẹ̀ ni. Àgbègbè adágún Naivasha, tí oko róòsì pọ̀ sí gan-an, fi nǹkan bíi mítà 1,900 ga ju ojú òkun lọ. Òṣogbo ò ju nǹkan bíi 320 lọ. Ní gbogbo mítà 1,000 tí èèyàn bá gùn sókè, afẹ́fẹ́ á fi nǹkan bíi dìgírì 6 tutù sí i. Oòrùn Naivasha ń ràn dáadáa lọ́sàn-án, àmọ́ òru ibẹ̀ tutù, oúnjẹ tí ewé sè lọ́sàn-án á ṣẹ́ kù fún ìrudi. Níbi tí òru bá ti móoru bíi tiwa, igi á ti jẹ púpọ̀ nínú oúnjẹ yẹn kí ilẹ̀ tó mọ́. Òdòdó á kéré, á sì tètè gbọ̀n dànù. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí róòsì Jos máa wuni ju tiwa lọ, nítorí ìlú yẹn ga tó nǹkan bíi mítà 1,200.

A ò lè gbé Òṣogbo gun òkè. Ohun tó wà níkàáwọ́ wa ni ká wá ògiri tó kọjú sí ìlà oòrùn, kí oòrùn àárọ̀ bà á, kí òjìji ilé sì ti bò ó tó bá di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sí i nídìí kó nípọn, kí ilẹ̀ ibẹ̀ lè tutù, àmọ́ kí koríko náà má kan ara igi.

Ìbéèrè: Róòsì tèmi ga lóòótọ́, ó ti kọjá wíńdò, ṣùgbọ́n téńté orí nìkan ló ń tanná. Kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀ ju ẹ̀gún lọ.

Ohun tó fà á ni pé ẹ jẹ́ kó gùn tààrà. Róòsì kì í lọ́ mọ́ igi bí iṣu, kò sì ní okùn tín-ín-rín tí ẹ̀gúsí fi ń di nǹkan mú. Nínú igbó, ẹ̀gún rẹ̀ ló fi ń há mọ́ ara igi mìíràn. Lára ògiri, ẹ̀yin lẹ máa dì í, bí ẹ bá sì ṣe dì í ló máa ṣe tanná.

Nínú ẹ̀ka tó nà dúró, ojú tó wà ní ṣóńṣó orí, ìyẹn ibi tí ẹ̀ka tuntun ti ń yọ, ló ń jọba: nǹkan kan wà tó ń ti ibẹ̀ ṣàn wá sísàlẹ̀ tí kì í jẹ́ kí àwọn ojú yòókù jí. Bí ẹ bá tẹ ẹ̀ka yẹn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn gbalaja, agbára ojú òkè á dín. Gbogbo ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ka á wá rí àyè yọ, kálukú á ta ẹ̀ka kúkúrú tirẹ̀, á sì rudi lórí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń rí òdòdó látìsàlẹ̀ dókè nìyẹn.

Ẹ kan húùkù mọ́ ògiri, kí ẹ fa wáyà tí kì í dípẹtà gba inú wọn lọ gbọọrọ, ìlà kan lókè òmíràn, kí àlàfo ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ wà láàárín. Kí wáyà náà jìnnà sí ògiri ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀yìn ewé kọjá. Ẹ má lo pákó tàbí ọparun, ikán á ti jẹ ẹ́ kí róòsì tó gbó. Ẹ̀ka tó ṣì rọ̀ ni kí ẹ tẹ̀, díẹ̀díẹ̀, torí èyí tó bá ti gbó á ṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Àkísà aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi dì í. Okùn wáyà á wọ inú èèpo lọ bí ẹ̀ka bá ṣe ń sanra. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Ní oríkèé tí ewé ti yọ, ẹ ó rí ojú pupa ṣíṣóńṣó, kò tóbi ju orí ìṣáná lọ, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọ́n kọjú sókè ní ìlà ẹ̀ka náà.

Ìbéèrè: Àbàwọ́n dúdú wà lára ewé róòsì mi, ewé á wá pọ́n, á já. Oògùn wo ni kí n fín?

Àrùn tí èbu kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Diplocarpon rosae ń fà ni. Ewé gbọ́dọ̀ tutù fún nǹkan bíi wákàtí méje kó tó ráyè wọlé, nítorí náà ìbomirin ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ìdí igi ni kí ẹ da omi sí, láàárọ̀, kí ewé má mu níbẹ̀. Ẹ ṣa ewé tó já, kí ẹ sun ún. Nínú òjò oṣù kẹsàn-án, ewé díẹ̀ á ṣì já, ẹ má bẹ̀rù.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Bougainvillea tó wà lára fẹ́ǹsì kan ní àdúgbò wa, ẹnikẹ́ni ò bomi rin ín, síbẹ̀ ó pọ́n fòò ní oṣù kìíní. Èmi ń bomi rin tèmi, mo ń fi ajílẹ̀ sí i, ewé nìkan ló ń so.

Ìkẹ́ yẹn gan-an ló fà á. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ìgbà ọ̀dá ló sì ń tanná jù. Tí omi pọ̀, tí ìgbẹ́ adìyẹ pọ̀, ewé àti ẹ̀gún ló máa fi san yín lẹ́san. Tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí oṣù kẹwàá, ẹ jáwọ́. Ẹ jẹ́ kí ewé rọ díẹ̀ kí ẹ tó bu omi fún un. Ẹ gé e tí òdòdó bá ti wọ́ tán, nítorí orí ẹ̀ka tuntun ló ti ń rudi. Oòrùn ńkọ́? Kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí mẹ́fà lójúmọ́.

Ẹ ká ẹyọ kan kí ẹ wò ó. Àwọn pẹlẹbẹ mẹ́ta tó pọ́n yẹn, ewé ni wọ́n. Ẹ gbé e síwájú oòrùn, ẹ ó rí iṣan ewé tó pín yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́ lára rẹ̀. Òdòdó gan-an wà láàárín wọn: páìpù tín-ín-rín mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ewé tirẹ̀, ẹnu wọn funfun, ó kéré débi pé èèyàn á gbójú fò ó. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ bougainvillea fi ń pẹ́ níta, torí ewé kì í tètè rọ bí òdòdó.

Orúkọ Louis-Antoine de Bougainville, ará Faransé tó fi ọkọ̀ yí ayé ká láàárín 1766 sí 1769, ló ń jẹ́. Onímọ̀ ewéko inú ọkọ̀ náà ni Philibert Commerson, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ sì ni Jeanne Baret, obìnrin tó múra bí ọkùnrin kí wọ́n tó lè gbà á sínú ọkọ̀. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó yí ayé po. Mo fẹ́ kí àwọn tó gbin òdòdó yìí mọ orúkọ tirẹ̀ náà, nítorí òun náà wà nínú àwọn tó ń ru ẹrù ewéko tí Commerson ń kó jọ.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ èyí tó ń ta sánsán lálẹ́ níwájú fàráńdà. Mo ní àwọn ọmọ kéékèèké nílé, ewúrẹ́ àdúgbò sì ń wọlé.

Ẹ wá Combretum indicum, tí àwọn kan ń pè ní Rangoon creeper. Ìrọ̀lẹ́ ló ń là, funfun ni ó máa ń kọ́kọ́ jẹ́, òórùn rẹ̀ á sì gba àgbàlá kan. Àfòpiná tí ẹnu rẹ̀ gùn ló ń wá mu oyin inú rẹ̀ lóru. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á ti máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú, lẹ́yìn náà á pọ́n dòdò, tó fi jẹ́ pé àwọ̀ mẹ́ta máa ń wà lórí ṣírí kan ṣoṣo. Alágbára ni o. Irin ni kí ẹ fún un láti gùn, kí ẹ sì máa gé e lọ́dọọdún. Àwọn ọmọ ò gbọ́dọ̀ jẹ èso rẹ̀.

Ẹ yẹra fún allamanda níwọ̀n ìgbà tí ọmọdé wà nílé. Òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ yẹ́lò lẹ́wà lóòótọ́, àmọ́ oje funfun inú rẹ̀ ń yún ara, ẹni tó bá sì jẹ ẹ́, ìgbẹ́ gbuuru á máa yọ ọ́ lẹ́nu. Thunbergia grandiflora ńkọ́, èyí tó ní òdòdó búlúù ńlá? Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ń ta bí iṣu nínú ilẹ̀, ó ṣòroó fà tu, á gun igi ọ̀pẹ yín, á sì gun ti aládùúgbò. Ní ti ewúrẹ́, ẹ to búlọ́ọ̀kù yí ìdí òdòdó ká títí yóò fi ga ju ọrùn ewúrẹ́ lọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀yìn ilé mi ò rí oòrùn púpọ̀. Ṣé kí n gbà pé kò lè lódòdó?

Rárá o, ẹ̀yin lẹ tiẹ̀ ní ibi tó dára jù fún èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ: Clerodendrum thomsoniae. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Inú igbó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níbí ni ìtàkùn yìí ti wá. Míṣọ́nnárì kan tó wà ní Calabar, William Cooper Thomson, ló jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú sọ ọ́ ní àwọn ọdún 1860. Láti ìgbà náà ni àwọn òyìnbó ti ń gbìn ín sínú ilé onígíláàsì, tí wọ́n ń dáná ooru fún un kí òtútù má bàa pa á, nígbà tí àwa tí ojú ọjọ́ wa bá a mu ń fowó wá róòsì kiri.

Òdòdó rẹ̀ ń ṣù jọ ní ẹnu ẹ̀ka. Àpò funfun kan ló ní, igun márùn-ún, ó wú díẹ̀. Òdòdó pupa á yọrí láti ẹnu àpò náà, ìrukẹ̀ gígùn á sì na jáde. Pupa á já lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àpò funfun á ṣì wà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, á máa yí padà sí àwọ̀ àlùkò díẹ̀díẹ̀. Oòrùn àárọ̀ díẹ̀ àti ibòòji ọ̀sán tó o. Ẹ gé ẹ̀ka tó gùn tó ìka ọwọ́ méjì nígbà òjò, kí ẹ tì í bọ ilẹ̀ tútù, á ta gbòǹgbò. Kì í da ògiri láàmú, kò lẹ́gùn-ún. Ẹni tó bá bi mí léèrè ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó gbìn, òun ni mo máa ń dárúkọ, lẹ́yìn náà róòsì kan ṣoṣo lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí ojú á ti máa kàn án lójoojúmọ́.

Ìbéèrè: Ìyá ọkọ mi ní ìtàkùn ń fa ejò wọlé.

Màmá ò parọ́, àmọ́ òdòdó kọ́ ni ejò ń wá. Eku, alángbá àti ọ̀pọ̀lọ́ ló ń wá, ibi tó ṣókùnkùn nílẹ̀ ló sì ń sá sí. Ẹ gé gbogbo ewé tó wà nísàlẹ̀ orúnkún kúrò, kí ẹ gbálẹ̀ ìdí rẹ̀, kí ẹ má ṣe kó pákó tàbí búlọ́ọ̀kù jọ síbẹ̀.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n gbìn ín, báwo ló sì ṣe yẹ kó súnmọ́ ògiri tó?

Láti oṣù kẹrin sí ìkẹfà ló dára jù, kí gbòǹgbò ti rinlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ jìnnà sí sọ́kàwéè. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri, torí ìdí ògiri gan-an kì í rí òjò, àjákù sìmẹ́ǹtì sì máa ń pọ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ róòsì tí wọ́n so mọ́ gbòǹgbò róòsì mìíràn, ẹ ó rí ibi tó wú nídìí rẹ̀. Ẹ̀ka tó bá yọ lábẹ́ ibẹ̀, ẹ fà á ya, ti gbòǹgbò ni, kò ní tan irú òdòdó tí ẹ rà. Ní ti bougainvillea, gbòǹgbò rẹ̀ ò fẹ́ kí wọ́n gbọ̀n ọ́n rárá. Ẹ fi abẹ la ọ̀rá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ gbé e sínú kòtò tòun tiyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, kí ẹ tó fa ọ̀rá yọ.