Bí odò Ògùn ṣe ń já, tó sì ń so padà

Lórí àwòrán ilẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ni odò Ògùn. Ó ṣẹ̀ láti àwọn òkè tó wà lẹ́bàá Ṣakí, ó gba ìhà Ìsẹ́yìn wá, ó la Abẹ́òkúta já, ó sì wọ ọ̀sà l'Ékòó. Ẹni tó bá dé apá òkè rẹ̀ nínú oṣù Kejì kò ní bá ìlà kankan. Iyanrìn gbígbẹ ló máa bá, àti àpáta, àti ọ̀gọ̀dọ̀ níbí, ọ̀gọ̀dọ̀ lọ́hùn-ún, tí omi dúró sí láìlọ síbì kan.

Bí omi odò báyìí ṣe pọ̀ tó nìkan kọ́ ni ká máa béèrè. Ibo ló ti so mọ́ra, ìgbà wo ló sì ń já? Òjò àti oòrùn ló ń pinnu ìyẹn, àmọ́ wọn kì í pinnu rẹ̀ ní tààrà.

Òjò àkọ́rọ̀ máa ń dé ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin. Ó lè rọ̀ kó ṣí páànù lórí ilé, síbẹ̀ odò ò ní mira. Ilẹ̀ tó ti gbẹ láti oṣù Kọkànlá ló kọ́kọ́ ń mu ún, igi tó ń rúwé ń mu tirẹ̀, oòrùn sì ń fa ìyókù. Ìgbà tí ilẹ̀ bá yó ni omi tó máa wọ ojú odò, kò sì ní lọ jìnnà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gọ̀dọ̀ kọ̀ọ̀kan dà bí ìkòkò tí wọ́n tò sórí àtẹ̀gùn: ti òkè gbọ́dọ̀ kún kó tó dà sínú ti ìsàlẹ̀. Òjò ńlá ńlá lè rọ̀ léraléra kí wọ́n má kún, kí òjò wínníwínní kan wá kún wọn lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́ odò ti di ọ̀kan. Ìdí nìyí tí àkọsílẹ̀ iye òjò nìkan ò fi lè sọ ìgbà tí odò máa ṣàn.

Wọ́n ní odò tó bá gbàgbé ìsun rẹ̀ yóò gbẹ. Lápá òkè Ògùn, ìsun gan-an ló ń kọ́kọ́ gbẹ, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Ògùn ò ní ìsun kan ṣoṣo. Àìmọye odò wẹẹrẹ ló ń bọ́ ọ, ọ̀pọ̀ wọn ò lórúkọ, òmíràn ò sì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó fi ń ṣàn lọ́dún. Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni wọ́n ń gbé ewé jíjẹrà, iyanrìn àti kòkòrò wá fún odò ńlá. Àwọn èèyàn tó ń dí ojú ìṣàn gbígbẹ láti fi kọ́lé rò pé ilẹ̀ lásán ni. Kì í ṣe ilẹ̀ lásán rárá.

Odò tún ń so mọ́ etídò rẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án wọ Ọ̀wàrà, omi ń kún bo àkúrọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí omi bá ń kún ni àrọ̀ máa ń fi ojú odò sílẹ̀, tó ń wọ inú koríko tí omi bò lọ yé ẹyin, torí omi ibẹ̀ kò jìn, oúnjẹ sì pọ̀ fún ọmọ ẹja. Bí ìkún omi ò bá dé àkúrọ̀ lọ́dún kan, apẹja á rí i nínú àwọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà, àwọn ẹja tó há sínú ọ̀gọ̀dọ̀ ń kú bí afẹ́fẹ́ inú omi ṣe ń tán. Àrọ̀ ní tirẹ̀ lè gòkè wá mí afẹ́fẹ́ òde, ìyẹn ló fi máa ń pẹ́ ju àwọn tó kù lọ.

Ìsopọ̀ kan ṣì wà tí ojú ò rí, èyí tó wà láàárín odò àti omi abẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ iyanrìn ojú odò tó ti gbẹ, bóyá kó jìn tó apá, á rí i pé omi ń sun wọ inú ihò náà díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ dúdú, tó bá yá á tòrò, wọ́n á sì fi igbá bù ú. Odò ò tíì kú nìyẹn, ó kàn wọlẹ̀ ni. Lápá òkè Ògùn, àpáta líle ò jìnnà sí òkè ilẹ̀, ibi tí omi lè fara pamọ́ sí ò pọ̀, òun ló jẹ́ kí odò tètè já.

Dáàmù ń yí gbogbo ètò yìí padà. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí ti Ọ̀yán, lórí odò tó ń da omi sínú Ògùn lókè Abẹ́òkúta. Ó lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ níbẹ̀ kì í jẹ́ kí odò já nísàlẹ̀, Abẹ́òkúta àti Èkó sì ń rí omi fà. Àmọ́ ẹja ò lè gba ara ògiri gòkè, iyanrìn náà ò sì lè sọ̀ kalẹ̀. Tí dáàmù bá fẹ́ kún, wọ́n gbọ́dọ̀ tú omi sílẹ̀, lásìkò tí ọ̀sà fúnra rẹ̀ ti kún. Àwọn tó ń gbé ní ìhà Ìṣẹ́rì àti Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú mọ ohun tó ń tẹ̀lé e.

Odò Ọya yàtọ̀ díẹ̀. Òjò tó rọ̀ lórí òkè ilẹ̀ Gíní ní nǹkan bí oṣù Kẹjọ máa ń rìn gba àbàtà ńlá Máli, kó tó dé Kàínjì ní nǹkan bí oṣù Kìíní, nínú ọyẹ́, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró nílẹ̀ wa. Ojú ọjọ́ ibòmíràn ló ń mú un so. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀dá ọlọ́dún gbọọrọ, ìṣàn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró pátápátá ní Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, lọ́dún 1985.

Bí ayé ṣe ń gbóná sí i, oòrùn ń fa omi ọ̀gọ̀dọ̀ kíákíá. Bí òjò ọdún kan bá sì rọ̀ pọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, àgbàrá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ilẹ̀ ò ráyè mu ún, odò á kún lójijì, á sì tètè já. Iye òjò lè má yí padà nínú ìwé, kí iye ọjọ́ tí odò fi so pọ̀ dín kù. Ibi tí omi kì í sábà tán, lẹ́bàá afárá àti dáàmù, ni wọ́n sì máa ń ri igi ìwọn omi mọ́, torí náà kì í fi ibi tí odò ti já hàn. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ìgbóná, tí wọ́n rì sínú iyanrìn ojú odò, lè fi ọjọ́ tí omi dé àti ọjọ́ tó lọ hàn, nítorí pé iyanrìn gbígbẹ ń gbóná lọ́sàn-án, ó ń tutù lóru, èyí tó wà lábẹ́ omi kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà.