Kíkọ fọ́ọ̀mù ilé-ẹjọ́ lórí ọ̀ràn ọmọ ní Abuja

Kíkọ fọ́ọ̀mù ilé-ẹjọ́ lórí ọ̀ràn ọmọ ni iṣẹ́ tí òbí, alágbàtọ́ tàbí mọ̀lẹ́bí máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí kóòtù pinnu ọ̀dọ̀ ẹni tí ọmọ yóò máa gbé, ẹni tí yóò máa gbọ́ bùkátà rẹ̀, àti ìgbà tí òbí tí ọmọ kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ yóò máa rí i. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Abuja àti agbègbè rẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wá ṣe iṣẹ́ ìjọba tàbí òwò ti ń tọ́mọ. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹjọ́ báyìí, ọmọ náà kì í dé iwájú adájọ́ rárá. Ìwé tí àgbà kọ nípa rẹ̀ ni adájọ́ kọ́kọ́ fi ń mọ̀ ọ́n, nítorí náà àṣìṣe kékeré nínú ìwé náà lè di ìnira ńlá fún ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ìjà àwọn òbí rẹ̀.

Kóòtù tí fọ́ọ̀mù yóò lọ

Irú ìgbéyàwó tí àwọn òbí ṣe ló ń sọ irú fọ́ọ̀mù tí wọn yóò gbà. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó ní ọ́fíìsì ìjọba, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ láti so tọkọtaya pọ̀, Òfin Ẹjọ́ Ìgbéyàwó ti ọdún 1970 ló kan ọ̀ràn wọn, Ilé-ẹjọ́ Gíga ni wọn yóò sì gbé e lọ. Òfin yẹn kò kan ẹni tó so yìgì nìkan, kò sì kan ẹni tó ṣe ìdána nìkan. Ní Abuja, àwọn tó so yìgì máa ń gbé ẹjọ́ wọn lọ sí Area Court, ìyẹn kóòtù kékeré tó ń gbọ́ ẹjọ́ lábẹ́ òfin Ìsìlámù, àwọn tó ṣe ìdána nìkan sì máa ń lọ sí kóòtù ìbílẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà lágbára lórí ìgbéyàwó àti àbójútó ọmọ láàárín àwọn Mùsùlùmí.

Òbí tí kò ṣe ìgbéyàwó kankan náà ní ibi tí wọ́n lè gbà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tó ka ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, dá Ilé-ẹjọ́ Ẹbí sílẹ̀ ní ìpele méjì, ọ̀kan lábẹ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga, èkejì lábẹ́ májísíréètì. Àtòun àti Òfin ọdún 1970 ló ní kí ire ọmọ ṣíwájú gbogbo nǹkan yòókù. Ní Abuja, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé yìí ń ṣiṣẹ́ tààrà. Ní àwọn ìpínlẹ̀, àfi kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe tiwọn.

Ààlà ìpínlẹ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Láti Nyanya dé Mararaba kò jìnnà rárá lójú ọ̀nà Keffi, ṣùgbọ́n abẹ́ Abuja ni Nyanya wà, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Nasarawa sì ni Mararaba wà. Ẹni tó ń sùn ní Mararaba, tó sì ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní Wuse lójoojúmọ́, lè kọ “Abuja” sí àyè àdírẹ́sì nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń wí fún àwọn ará ilé. Lábẹ́ Òfin ọdún 1970 kò fi bẹ́ẹ̀ burú, torí ẹni tó fi Nàìjíríà ṣe ibùgbé rẹ̀ lè pẹjọ́ ní Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ èyíkéyìí. Ní kóòtù kékeré ọ̀rọ̀ yàtọ̀, nítorí wọ́n lè ní ẹjọ́ náà kì í ṣe tiwọn lẹ́yìn tí oṣù bíi mélòó kan ti kọjá lórí ọmọ tí kò tíì mọ ilé tí yóò máa gbé.

Orúkọ àti ọjọ́ orí ọmọ

Àyè orúkọ ni Yorùbá ti máa ń kọsẹ̀ jù. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, bàbá á sọ tirẹ̀, ìyá á sọ tirẹ̀, ìyá àgbà á ránṣẹ́ láti Ọ̀fà pẹ̀lú orúkọ àti oríkì. Tó bá di ọdún mẹ́jọ, ìwé-ẹ̀rí ìbí ọmọ lè máa wí pé “Ayomide Taiye”, káàdì èsì ìdánwò á máa wí pé “Taiwo A.”, káàdì ọsibítù á sì mú orúkọ tí ìyá àgbà sọ ọ́. Gbogbo ilé mọ̀ pé ọmọ kan náà ni. Adájọ́ kò mọ̀, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ni ìwé ń fi hàn án. Ohun tó yẹ ni kí a kọ orúkọ bó ṣe wà nínú ìwé-ẹ̀rí ìbí, lẹ́tà fún lẹ́tà, kí a fi “tí a tún ń pè ní” kún un, kí a sì ya ìpínrọ̀ kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìbúra (affidavit) láti ṣàlàyé pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́ àwọn orúkọ náà.

Àjọ Ètò Ìkànìyàn ló ń fún ni ní ìwé-ẹ̀rí ìbí. Ọjọ́ ìbí gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé náà mu, nítorí ọjọ́ orí ló ń ṣí àwọn ìlẹ̀kùn kan, tó sì ń ti àwọn mìíràn. Lábẹ́ Òfin ọdún 1970, bí ọmọ kan bá wà tí kò tíì pé ọdún 16, ìtúká ìgbéyàwó kò lè fìdí múlẹ̀ àfi bí adájọ́ bá rí i pé ètò tó yẹ ti wà fún un. Àṣẹ owó ìtọ́jú kì í sì í kọjá ọdún 21, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà.

Ìbéèrè mìíràn tí wọ́n máa ń fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ni iye ọmọ. Ọ̀pọ̀ ń kọ kìkì àwọn tí tọkọtaya jọ bí lẹ́yìn ìgbéyàwó. Òfin kò wò ó bẹ́ẹ̀: ọmọ tí wọ́n jọ bí kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ọmọ tí wọ́n jọ gbà tọ́ lábẹ́ òfin wà níbẹ̀, ọmọ tí ọ̀kan nínú wọn mú wá láti ibòmíràn náà sì wà níbẹ̀ bó bá jẹ́ ará ilé wọn. Ọmọ tí ìyá gbé wọlé ọkọ ní ọmọ ọdún mẹ́ta, tí ọkọ náà sì ń san owó ilé-ìwé rẹ̀ títí ó fi pé mẹ́wàá, kò yẹ kí ó pòórá nínú fọ́ọ̀mù.

Ìwé ìbúra

Fọ́ọ̀mù kì í dá lọ. Ìwé ìbúra ló ń gbè é lẹ́sẹ̀, Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ló sì sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ rí. Olùbúra yóò kọ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ibùgbé rẹ̀ àti ọmọ orílẹ̀-èdè tó jẹ́. Yóò fi “èmi” sọ̀rọ̀, yóò sì fi nọ́ńbà sí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ṣojú rẹ̀, tàbí tó gbọ́ tó sì gbà gbọ́, ni yóò kọ. Bó bá jẹ́ pé wọ́n sọ fún un ni, ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó sọ ọ́, ìgbà tó sọ ọ́ àti ibi tó ti sọ ọ́. Àríyànjiyàn lórí òfin kò sí níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kò sì sí níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìbínú àti ẹ̀rí hàn kedere nínú gbólóhùn méjì. “Aláìnítìjú ni bàbá ọmọ yìí, kò bìkítà fún ẹnikẹ́ni” kò sọ nǹkan kan tí adájọ́ lè dì mú. “Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni mo ti ń dá san owó ilé-ìwé ọmọ náà, ₦65,000 fún sáà kọ̀ọ̀kan, ìwé-ẹ̀rí owó mẹ́ta tí mo gbà ni mo so mọ́ ìwé yìí” sọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ kì í fẹ́ kọ ti kejì, torí ó dà bíi pé kò ròyìn ìyà tó jẹ ẹ́ tó. Síbẹ̀ òun ló ń ran ọmọ lọ́wọ́.

Iwájú kọmíṣọ́nà fún ìbúra, ìyẹn òṣìṣẹ́ tí òfin fún láṣẹ láti gba ìbúra, ni wọ́n sábà máa ń fọwọ́ sí ìwé yìí, kì í ṣe iwájú lọ́yà tó ń gba ẹjọ́ ẹni náà rò. Ẹni tí kò mọ̀wé gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ ní èdè tó yé e kó tó tẹ ìka, kí wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé wọ́n kà á fún un. Ní Abuja, akọ̀wé kóòtù lè máà gbọ́ Yorùbá rárá, nítorí náà ó dára kí ẹni tó lè túmọ̀ rẹ̀ bá olùbúra lọ. Ní Area Court, tafinta ni àwọn Hausa ń pe ògbufọ̀. Níbi tí akọ̀wé bá ti gbọ́ èdè náà, ọ̀rọ̀ kò ju báyìí lọ: “Màmá, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín ní Yorùbá ná, kí ẹ lè sọ ibi tí kò bá rí bẹ́ẹ̀.” Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìbúra irọ́, èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní Abuja.

Ètò fún ọmọ

Apá tó yẹ kó gùn jù nìyí, òun náà sì ni wọ́n sábà máa ń kánjú kọ. Ẹ̀sùn lórí ọkọ tàbí aya á gba ojú ìwé mẹ́rin, ètò fún ọmọ á gba ìlà kan: “Èmi ni yóò máa tọ́jú rẹ̀.” Adájọ́ fẹ́ mọ yàrá tí ọmọ ń sùn àti àwọn tó jọ ń gbé ilé náà. Ó fẹ́ mọ ẹni tó ń mú un láti ilé-ìwé ní aago méjì nígbà tí òbí ṣì wà níbi iṣẹ́, àìsàn tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, àti ohun tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ń fẹ́ bó bá ti dàgbà tó láti sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ìlọrin ni ọmọ yóò máa gbé, kí a kọ ọ́ gbangba. Òbí tó gba ọmọ lọ́wọ́ kóòtù ní orúkọ ara rẹ̀, tó wá kó o lọ sílé ìyá rẹ̀, ti fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún kóòtù láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àyè ìbẹ̀wò náà nílò ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere. “Kó wá wò ó nígbàkigbà” dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń dá ìjà ẹnu ọ̀nà sílẹ̀. Ó sàn kí a kọ ọ́ pé bàbá yóò wá mú ọmọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, yóò sì dá a padà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sunday. Pé ìdajì ọlidé ni ọ̀dọ̀ rẹ̀. Pé Iléyá wà lọ́dọ̀ ẹni báyìí, Kérésìmesì lọ́dọ̀ ẹnì kejì. Bí òbí kan bá wà ní Ìbàdàn, ìrìn àjò gba Lokoja jìn, nítorí náà kí a sọ ẹni tí yóò bá ọmọ wọkọ̀, ẹni tí yóò san owó ọkọ̀, àti pé kò sí ìrìn alẹ́.

Nínú ẹjọ́ tó bá tẹ̀lé òfin Málíkì, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà òfin Ìsìlámù, ní Area Court, ìyá ló kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti tọ́jú ọmọkùnrin títí yóò fi bàlágà, àti ọmọbìnrin títí yóò fi wọlé ọkọ, bàbá sì ni ìnáwó wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ìyá bá fẹ́ ọkọ mìíràn, ẹ̀tọ́ náà lè bọ́ sọ́wọ́ ìyá àgbà tó bí ìyá náà. Nítorí náà kò yẹ kí ìyá ọmọ pa ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tuntun mọ́ nínú ohun tó ń sọ fún akọ̀wé.

Ní ti owó, kí a kọ iye tí nǹkan ń náni lóṣù àti iye tó ń wọlé fún òbí kọ̀ọ̀kan: oúnjẹ, ilé-ìwé, oògùn, owó ọkọ̀. Ìwé-ẹ̀rí sàn ju àfojúdá lọ.

Lẹ́yìn tí a bá ti kọ ọ́ tán

Wọ́n ń san owó ìforúkọsílẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ẹ̀dà ìwé fún kóòtù, fún ẹnì kejì àti fún ara ẹni. Bélífì, òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń jẹ́ ìwé, ló ń fi ìwé lé ẹnì kejì lọ́wọ́, nítorí náà àdírẹ́sì bíi “Kubwa” nìkan kò tó. Àmì bíi géètì dúdú tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí wúlò fún un. Bí wọ́n bá wá ẹni náà tì, kóòtù lè fàṣẹ sí ọ̀nà mìíràn láti fi ìwé jíṣẹ́. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ bá Legal Aid Council, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, tàbí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò FIDA. Ibi ìlàjà tí wọ́n ń pè ní Abuja Multi-Door Courthouse, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, sì wà fún àwọn tó ṣì lè jókòó sọ̀rọ̀.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé kò gbà kí wọ́n gbé orúkọ, àdírẹ́sì, ilé-ìwé tàbí àwòrán ọmọ tí ẹjọ́ kàn síta. Kò yẹ kí a ya fọ́tò fọ́ọ̀mù náà sórí WhatsApp ẹbí, bó ti wù kí àwọn ẹ̀gbọ́n máa béèrè tó.

Àṣẹ lórí ọmọ lè yí padà bí nǹkan bá yí padà. Ẹni tó bá padà lọ yóò kọ nọ́ńbà ẹjọ́ àkọ́kọ́, yóò so àṣẹ tí kóòtù ti pa tẹ́lẹ̀ mọ́ ìwé tuntun, yóò sì sọ kìkì ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ àṣẹ yẹn.