Ìmúgún ló ń jẹ́, kì í ṣe ìdúróṣánṣán

Mo tún rí ẹni tó pe mílíìn, ẹ̀rọ tí Òyìnbó ń pè ní milling machine, ní "ẹ̀rọ ìlọrin" lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú mi ò sì dùn sí i rárá. Ta ló ń fi mílíìn lọ nǹkan? Ohun tí à ń lọ̀, òkúta la fi ń ra á títí yóò fi kúnná: ata, ẹ̀wà, èlùbọ́. Ìlú Ìlọrin gan-an, ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé òkúta tí ọdẹ kan fi ń lọ irin rẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Yorùbá ti mọ ohun tí lílọ irin jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ dé: kí òkúta máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sì wà lóde òní, òun làwọn mẹkáníìkì ń gbé kráńkì lọ sídìí rẹ̀ kí wọ́n lè bá wọn lọ̀ ọ́. Tá a bá wá fi "ìlọrin" fún mílíìn, kí la fẹ́ pe ìyẹn?

Gbígbẹ́ ni mílíìn ń gbẹ́. Eyín tó mú ló ń yí, tábìlì ń gbé irin lọ bá a, eyín náà sì ń bù ú ní wẹ́wẹ́. Ẹ wo ilẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́: ẹ ò ní bá ìyẹ̀fun níbẹ̀, èérún irin tó ká kò lẹ máa bá, irú èyí tó ń wà lábẹ́ ẹsẹ̀ agbẹ́gilére. Ẹ̀rọ ìgbẹ́rin ni mò ń pè é. Àwọn kan ní etí àwọn ò gbà á, pé "ìgbẹ́" ń gbé ọkàn lọ síbi tí kò dáa. Ṣé wọ́n máa ń yínmú bí wọ́n bá gbọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà? Ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa fi pe iṣẹ́ tó níyì jù lọ́wọ́ ọlọ́nà, n ò ní jù ú nù torí ẹ̀rín ẹlẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé gan-an ni èyí tí ìwé Òyìnbó ń pè ní tramming, ìyẹn títún orí mílíìn ṣe kí ọ̀pá tó ń yí eyín rẹ̀ lè wà bó ṣe yẹ sí tábìlì, torí ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ ti ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lórí rẹ̀.

Mo ra mílíìn Bridgeport tòkunbọ̀ kan ní Owódé Onírin. Ó sún mọ́ 900 kílò, ẹnu ọ̀nà ilé mi n'Íbàdàn ò sì gbà á lódindi. La bá tú u: orí lọ́tọ̀, apá lọ́tọ̀, tábìlì lọ́tọ̀, eékún tó gbé tábìlì dúró àti òpó náà lọ́tọ̀. A fi kẹrosíìnì fọ gbogbo ojú irin tó ń fara kan ara wọn, a fi ọ́ìlì pa wọ́n, a sì tò ó padà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè pẹ̀lú chain block. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ ìyókù. Iná three-phase ò sí ládùúgbò mi, VFD, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná ilé lásán bọ́ mọ́tò three-phase, ló bá mi yanjú ìyẹn.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló di orí ẹ̀rọ náà mọ́ àyè rẹ̀. Ó mú àmì òdo ara orí bá ìlà tó yẹ kó bá mu. Ó gbé lẹ́fẹ̀lì àwọn bíríkìlà sórí tábìlì, ìhó inú omi rẹ̀ dúró sáàárín. Ó gbé e ti ara orí, ìyẹn náà dúró. "Ọ̀gá, ẹ wá wò ó, ó ti dúró ṣánṣán." Mo wò ó, mo gbà, ara ń yá wa láti ríṣẹ́ ẹ̀rọ náà. A de pẹpẹ alumíníọ̀mù kan tó fẹ̀ ní mìlímítà 80 mọ́ tábìlì, a sì fi ọ̀bẹ ayípo kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 100 gbẹ́ ojú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan. Ó ń dán gbinrin. Àfìgbà tí mo fi rúlà irin dábùú rẹ̀, tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́yìn, ni mo rí ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ lábẹ́ rúlà láàárín. Àárín pẹpẹ náà jin ju etí rẹ̀ lọ ní 0.1 mìlímítà. Bẹ́ ẹ bá fi irú ẹ̀ dé ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì máa jò.

Ọmọ náà ò purọ́. Orí ẹ̀rọ dúró ṣánṣán dé ibi tí lẹ́fẹ̀lì bíríkìlà lè mọ̀. Ọ̀rọ̀ ló ṣì í lọ́nà, èmi ni mo sì fi ọ̀rọ̀ náà sí i lẹ́nu, torí "mú un dúró ṣánṣán" ni mo ti ń wí fún un láti ọjọ́ tó ti dé. Ṣánṣán, ilẹ̀ àti òfuurufú la fi ń mọ̀ ọ́n. Òpó iná lè dúró ṣánṣán, ògiri lè dúró ṣánṣán. Orí ẹ̀rọ ò bá ilẹ̀ ṣe àdéhùn kankan, tábìlì ló bá ṣe é.

Ẹ wo ẹni tó ń gbé agboòrùn tẹ̀ lé ọba lọ́jọ́ ọdún. Bó ṣe ń yí igi agboòrùn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni wajawaja etí rẹ̀ ń fò yí po. Bí igi náà bá gún sí ilẹ̀ tí wọ́n ń rìn lé, wajawaja kọ̀ọ̀kan á máa jìnnà sílẹ̀ bákan náà, ibi yòówù kó yí dé. Kí igi wá fì díẹ̀ sọ́tùn-ún: wajawaja kan náà, bó bá dé ọ̀tún, á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbálẹ̀, bó bá dé òsì, á gbéra sókè. Igi agboòrùn ni ọ̀pá tó ń yí nínú orí ẹ̀rọ. Ilẹ̀ ni tábìlì. Wajawaja ni eyín ọ̀bẹ. Kí ọba wá máa gun òkè ńkọ́? Bí agbágboòrùn bá di igi mú ṣánṣán bó ṣe dì í mú ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, wajawaja iwájú á máa gbá òkè náà, tẹ̀yìn á máa fò lójú ọ̀run. Ó dúró ṣánṣán, kò sì gún.

Gún ni ọ̀rọ̀ náà. Bí télọ̀ bá rán aṣọ tó bá ara mu, a ní ó gún régé. Bí ìlẹ̀kùn bá ń ha fírémù, a ní kò gún. Nǹkan kan ò lè dá gún lófìfo, ó ní ohun tó gún sí, ohun tí lẹ́fẹ̀lì ò sì lè bá yín mọ̀ nìyẹn. Ìmúgún, ìyẹn mímú ọ̀pá tó ń yí gún sí tábìlì. Àwọn kan ní gún ni wọ́n fi ń gúnyán, gún náà ni ọ̀bẹ ń gúnni. Kò sẹ́ni tó gbọ́ "ó gún régé" tó sáré lọ wá odó.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ní "ìbádọ́gba" ló yẹ kí n lò. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kí ló dọ́gba níbẹ̀? Orí àti tábìlì ò dọ́gba níbì kankan. Iye tí géèjì, aago tó ń wọn bí ibì kan ṣe ga sí, ń kà lọ́tùn-ún àti lósì ló ń dọ́gba, àmì lásán nìyẹn, tó ń sọ fún wa pé ìmúgún ti parí. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ní tiwọn ń pè é ní "tírámù". Mo gba bóòtù, mo gba géèjì, torí ohun tí ọwọ́ ń dì mú ni wọ́n, ẹni tó bá rí wọn ti mọ̀ wọ́n. Tírámù ò ṣeé dì mú. Ẹni tí kò bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò ní nǹkan kan tó lè sọ fún un.

Ìdí tí Bridgeport fi nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó sọ ọ́ di olókìkí. Láti ìgbà tí Rudolph Bannow àti Magnus Wahlstrom ti gbé e jáde ní 1938, ní ìlú Bridgeport ní Connecticut, orí rẹ̀ ṣeé fì, apá rẹ̀ ṣeé nà. Orí tó ṣeé fì, ó lè yẹ̀ láyè rẹ̀ nígbàkigbà, àgàgà tẹ́ ẹ bá tú u tẹ́ ẹ tún tò ó.

Bá a ṣe ṣe tiwa nìyí. A di eékún pa. A so géèjì olójú aago mọ́ ọ̀pá tó ń yí, kí ẹnu rẹ̀ lè kan tábìlì lọ́tùn-ún. A yí ojú géèjì sí òdo, a fọwọ́ yí ọ̀pá náà lọ sósì, a kà á: láàárín ibi méjèèjì, tó jìnnà síra ní mìlímítà 240, ìyàtọ̀ 1.2 mìlímítà ló wà. Ìyẹn ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta dígíríì kan, ojú ta ló fẹ́ rí i lára àwọn ìlà orí ẹ̀rọ? A dẹ nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀, kí wọ́n ṣì di orí mú, a sì mú un padà ní ìdajì ìyàtọ̀ náà. Ìdajì ni o, torí bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣe ń gòkè ni èkejì ń sọ̀ kalẹ̀. A padà sọ́tùn-ún, a tún yí géèjì sí òdo, a tún lọ sósì. Nígbà tó ku díẹ̀, a di nọ́ọ̀tì ní mẹ́lẹ̀mẹ́lẹ̀, èyí díẹ̀, èyí díẹ̀, torí dídì náà ń sún orí. Ó fi 0.05 yẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tá a dì í, a sì tún un ṣe. Lẹ́yìn náà la ṣe ti iwájú sí ẹ̀yìn, ọ̀nà kan náà ni.

"Ọ̀gá, ó ku 0.04 kó gún." Ohun tí ọmọ náà wí nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ ò kúrò lára géèjì. Kò mẹ́nu ba ṣánṣán. Ó fi ẹ̀yìn sípánà kan orí ẹ̀rọ pẹ́ẹ́, ó yí ọ̀pá, ó tún kàn án. Nígbà tó dé 0.02 mo ní kó dì í, irun orí ènìyàn nípọn ju ìyẹn lọ.

A gbé pẹpẹ ìjọ́sí padà sórí tábìlì. Lọ́tẹ̀ yìí, iwájú ọ̀bẹ fa ìlà tiẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà sì fa tiẹ̀, àwọn ìlà náà dábùú ara wọn lórí gbogbo ojú pẹpẹ náà. Rúlà irin jókòó, tọ́ọ̀ṣì ò rí ibi yọ.