Káàdì ìdánimọ̀ nìkan kò tó láti fọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́

GnuPG ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi kọ́kọ́rọ́, ìyẹn fáìlì kan, ti lẹ́tà pa kí ẹlòmíì má lè kà á. Bí àwọn tó ń lò ó bá pàdé ní Adó-Èkìtì láti fọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ ara wọn, ìyẹn láti jẹ́rìí pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí kọ́kọ́rọ́ ló ni ín, ohun tí ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ ni pé bí ẹnìkan bá ti yọ slípù NIN, ó ti parí. Wọ́n á wo fọ́tò, wọ́n á wo ojú rẹ̀, wọ́n á lọ sílé lọ fọwọ́ sí i. Ewu ńlá ló wà níbẹ̀.

GnuPG kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó dá kọ́kọ́rọ́. Orúkọ àti ìméèlì tó bá wù yín lẹ máa kọ sí i. Ká ní ọ̀bàyéjẹ́ kan dá kọ́kọ́rọ́ lórúkọ Délé, ó sì jù ú sínú gúrúùpù WhatsApp kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Délé fúnra rẹ̀ wá, òun gan-an ni, káàdì rẹ̀ kò ní àbùkù. Ẹ délé, ẹ fọwọ́ sí èyí tó wà nínú gúrúùpù. Kọ́kọ́rọ́ olè lẹ jẹ́rìí sí yẹn.

Fingerprint, tí kì í ṣe ìtẹ̀ka bí kò ṣe àmì ìdánimọ̀ kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀, ló so èèyàn mọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀: lẹ́tà àti nọ́ńbà 40, ní ìdìpọ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Kí oníkálukú lo àṣẹ gpg --fingerprint lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nílé, kó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún yín. Gbogbo 40 náà lẹ máa yẹ̀ wò, kì í ṣe mẹ́jọ ìparí nìkan. Láti 2014 ni wọ́n ti fi hàn pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù lè dá kọ́kọ́rọ́ míì tí mẹ́jọ ìparí rẹ̀ bá ti ẹlòmíì mu láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Ẹni tí ẹ jọ dàgbà ládùúgbò, ẹ kò nílò káàdì rẹ̀; fingerprint rẹ̀ ṣì pọn dandan.

Orúkọ náà ní wàhálà tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Káàdì lè pe èèyàn ní Fágbèmí, kí kọ́kọ́rọ́ pè é ní Olúgbèmí, nítorí pé ìdílé ti yọ Ifá kúrò. A mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n mímọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ béèrè ìwé ìbúra kóòtù. Bí kò bá sí, kó fi orúkọ tó wà lórí káàdì kún kọ́kọ́rọ́ náà, ìyẹn nìkan ni kí ẹ fọwọ́ sí.

Ó wá ku ìméèlì, èyí tí káàdì kankan kò lè sọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i nílé, ẹ má tíì gbé e lọ sórí sáfà, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń rí kọ́kọ́rọ́ lórí ayélujára. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yẹn gan-an ti ìfọwọ́sí náà pa, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó wà lórí rẹ̀. Bí àdírẹ́sì bá jẹ́ mẹ́ta, lẹ́tà mẹ́ta ni, ìfọwọ́sí kọ̀ọ̀kan nínú tirẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ caff ń ṣe èyí fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá ni àdírẹ́sì náà kò ní rí lẹ́tà gbà. Ẹni tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀, ìyẹn apá kọ́kọ́rọ́ náà tí ẹni tó ni ín kì í fún ẹnikẹ́ni, kò ní lè ṣí i, ìfọwọ́sí yín kò sì ní dé ọwọ́ rẹ̀.