Sísì Tí Kò Lè Gbé Lẹ́tà Dé Iléṣà

Nínú àpótí bàbá wa àgbà, ní ilé wa ní Mọ̀ọ́rè, Ilé-Ifẹ̀, sítáǹpù kan wà tí òǹtẹ̀ kò kàn rí. Ère idẹ Ifẹ̀ ló wà lójú rẹ̀, pẹ̀lú orí Ọbabìnrin Elizabeth, wọ́n sì tẹ 6d sí i. Sísì nìyẹn, pẹ́nì mẹ́fà. Oṣù kẹsàn-án 1953 ni wọ́n gbé e jáde, òun pẹ̀lú èyí tí wọ́n ya kòkó sí, tí í ṣe 4d. Orí mi máa ń wú tí mo bá rántí pé ère ìlú wa àti irè oko wa ló ń bá lẹ́tà àwọn ẹlòmíràn rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n tí mo bá lẹ sísì yìí mọ́ lẹ́tà lónìí, kò lè gbé e dé Iléṣà.

Ìgbà tí wọ́n dá sítáǹpù sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ló sábà máa ń sanwó rẹ̀, títí Rowland Hill fi dábàá pé kí ẹni tó kọ ọ́ san pẹ́nì kan, kí ó sì lẹ ẹ̀rí owó mọ́ ọn. Oṣù karùn-ún 1840 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Èkó gba tirẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà 1874. Owó tí a san ni wọ́n tẹ̀ sójú rẹ̀, iye yẹn ló sì ń jẹ́ lọ. Tí owó lẹ́tà bá ti lọ sókè, àfi kí a lẹ òmíràn tì í kí ó lè pé.

Ti wa tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, Nàìjíríà fi pọ́n-ùn àti ṣílè sílẹ̀, ó mú náírà àti kọ́bọ̀. Ṣílè tí í ṣe pẹ́nì 12 di kọ́bọ̀ 10. Sísì bọ́ sí kọ́bọ̀ 5 geere, ṣùgbọ́n tọ́rọ́, ìyẹn pẹ́nì mẹ́ta, di kọ́bọ̀ méjì àbọ̀, 4d oníkòkó wa sì di kọ́bọ̀ mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Ta ló fẹ́ ṣẹ́ ìyẹn fún ọ? Ẹnu àwọn àgbà ò tiẹ̀ yí padà: kọ́bọ̀ 5 ṣì ń jẹ́ sísì, kọ́bọ̀ 10 ń jẹ́ ṣílè. Àwọn gan-an ló sì ti ń pe pẹ́nì ní kọ́bọ̀ kí ìjọba tó sọ owó tuntun lórúkọ yẹn.

Sítáǹpù tuntun ọdún náà bẹ̀rẹ̀ láti kọ́bọ̀ 1, ó parí sí náírà 2. Nígbà tí náírà wá ń wálẹ̀, àwọn náà bá a wálẹ̀. Mo rántí bàbá mi lórí tábìlì, tó ń fi kànìnkànìn tútù pa ẹ̀yìn àwọn sítáǹpù olókọ́bọ̀ tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ títí iwájú lẹ́tà fi kún. Ẹ̀yìn ló kọ àdírẹ́ẹ̀sì sí.

Amẹ́ríkà náà lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé sítáǹpù wọn láti 1861 ṣì ń ṣiṣẹ́ níye tó wà lójú rẹ̀. Ní 1991, wọ́n ti tẹ sítáǹpù àfikún kan kí wọ́n tó mọ iye tí owó lẹ́tà yóò jẹ́. Wọn ò kọ iye kankan sí i. Wọ́n kàn kọ ọ́ pé tí a bá fi séǹtì 25 kún un, ó tó. Séǹtì 29 ni lẹ́tà wá dà, èyí tó sọ àfikún náà di séǹtì 4. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gba ọ̀nà mìíràn ní 1989: wọ́n yọ iye owó kúrò, wọ́n kọ ipò lẹ́tà sí i, ti kìíní tàbí ti kejì. Ní 2007, Amẹ́ríkà gbé sítáǹpù Forever, ìyẹn “títí láé”, jáde ní séǹtì 41. Ẹni tó ra tirẹ̀ lọ́dún náà ṣì lè fi í ránṣẹ́ ní 2024 tí owó lẹ́tà di séǹtì 73, láìfi nǹkan kan kún un.

Kò sí ẹni tó bá sísì wa ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀. Mo tún mú un jáde lánàá. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n, igun rẹ̀ kan sì ti lẹ̀ mọ́ rìsíìtì kòkó tó wà lábẹ́ rẹ̀.