Ẹ Gbé Òòfà Yín Jìnnà sí Òkúta Yẹn

Láti ìgbà tí ìròyìn ti jáde ní oṣù Keje ọdún 2025 pé wọ́n ta òkúta kan tó já láti pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì ní mílíọ̀nù 5.3 dọ́là ní New York, ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì mi kò dá mọ́. Agbègbè Agadez ní orílẹ̀-èdè Niger ni wọ́n ti rí òkúta náà ní ọdún 2023, ó sì wọ̀n ju kílógíráàmù 24 lọ. Niger kò jìnnà sí wa, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ̀hún wọ àwọn èèyàn lára. Wọ́n ń fi àpò sìmẹ́ǹtì gbé òkúta wá, wọ́n ń fi ike kọ́sítáàdì gbé e, ẹlòmíràn a fi ìborùn dì í. Mi ò bínú sí ẹni tó gbé òkúta wá, iṣẹ́ mi ni láti yẹ òkúta ojú ọ̀run wò. Ohun tó ń bí mi nínú ni ohun tí wọ́n ti fojú òkúta náà rí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Wọ́n á ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Wọ́n á ti fi òòlù fọ́ igun rẹ̀ kan láti wo inú rẹ̀. Èyí tó burú jù, wọ́n á ti tú òòfà kúrò lára ẹ̀rọ agbóhùnsókè àtijọ́, wọ́n á ti fi lẹ̀ ẹ́ níwá lẹ́yìn, wọ́n á wá máa yọ̀ bọ̀ wá bá mi: “Ọ̀gá, ó gbé e o!”

Ìdàrọ́, ìdọ̀tí tó máa ń kù sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, náà máa ń gbé òòfà. Ìdàrọ́ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá. Ẹni tó bá dàgbà sí ìlú tí wọ́n ti ń rọ irin rí kò yẹ kó ṣi ìdàrọ́ mọ̀: ó dúdú, ó wúwo, ihò wẹ́wẹ́ sì kún ara rẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti hó jáde nígbà tó wà nínú iná. Àwọn mìíràn ń gbé yangí wá. Àwọn mìíràn ń gbé ẹdùn àrá wá, lórí ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé wa. Bí onísàngó bá tọ́jú ẹdùn àrá sí ojúbọ rẹ̀, mi ò bá a jà. Ohun ìbọ rẹ̀ ni, ọ̀wọ̀ sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò já láti ojú ọ̀run. Àáké ni. Àwọn tó gbé ilẹ̀ yìí kí irin tó dé ló gbẹ́ ẹ, tí wọ́n lọ̀ ọ́ lórí àpáta títí ẹnu rẹ̀ fi mú. Ẹni tó bá ń tà á lórí WhatsApp pé òkúta Máàsì ni, olè ni.

Ó dùn mí pé òkúta Máàsì tòótọ́ ti já sí Nàìjíríà rí, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ò sì gbọ́ nípa rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1962, àgbẹ̀ kan ń lé kannakánná nínú oko àgbàdo rẹ̀ ní Zagami, ní agbègbè Katsina. Ariwo ńlá kan bú, afẹ́fẹ́ gbá a, èéfín rú, nǹkan sì já lulẹ̀ gbì ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ibi tó dúró sí. Ó rò pé bọ́ǹbù ni. Ó ní sùúrù díẹ̀ kó tó sún mọ́ ibẹ̀, ló bá rí òkúta dúdú kan nínú ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Kílógíráàmù 18 ni òkúta náà. Gbogbo àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí káàkiri àgbáyé ló mọ orúkọ abúlé yẹn. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ nípa àpáta Máàsì tí wọn kì í dárúkọ Zagami.

Bí àwọn òkúta wọ̀nyí ṣe kúrò níbẹ̀ kò le: nǹkan ńlá láti òfuurufú kọlu Máàsì, àfọ́kù fò kúrò nílẹ̀, wọ́n yí oòrùn ká fún ọdún gbọọrọ, wọ́n wá já sọ́dọ̀ wa. Ẹ̀rí pé Máàsì ni wọ́n ti wá? Àwọn ọkọ̀ òfuurufú Viking tí Amẹ́ríkà rán, tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1976, wọn afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ní 1983, àwọn onímọ̀ méjì, Bogard àti Johnson, rí irú afẹ́fẹ́ yẹn tó há sínú gíláàsì inú òkúta kan tí wọ́n ṣà ní Antarctica. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni ohun tí òkúta lè sọ nípa omi. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1911, ọ̀pọ̀ òkúta já sí àdúgbò Nakhla ní ilẹ̀ Íjíbítì. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ pé ọ̀kan nínú wọn pa ajá. Kò sẹ́ni tó rí òkú ajá náà, ẹ jẹ́ ká fi ajá sílẹ̀. Bí ẹ bá gé òkúta Nakhla títí tó fi fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí ẹ gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ ó rí ìlà tín-ín-rín aláwọ̀ ìpẹtà tó la àwọn hóró olivine, ohun alumọ́ní kan tó wà nínú òkúta náà, kọjá. Amọ̀ ló wà nínú ìlà yẹn, omi ló sì ń sọ irú hóró bẹ́ẹ̀ di amọ̀. Ẹnì kan lè ní omi ilẹ̀ Íjíbítì ni. Ẹ wá tẹ̀ lé ìlà náà dé eteetí òkúta. Èèpo dúdú tó wà níbẹ̀, ooru ló sun ún bẹ́ẹ̀ nígbà tí òkúta ń já bọ̀. Níbi tí ìlà amọ̀ ti pàdé èèpo, ooru ti yọ́ amọ̀. Bí amọ̀ bá jẹ́ ti ayé, ara èèpo ni ì bá gùn lé. A jẹ́ pé ó ti wà nínú òkúta kó tó dé ọ̀dọ̀ wa: omi Máàsì ló ṣe é.

Mọ̀lẹ́bí Nakhla kan wà tí wọ́n ń pè ní Lafayette, èyí tí wọ́n rí nínú dúrọ́ọ̀ ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ní 1931. Ní 2024, àwọn onímọ̀ ṣírò ọjọ́ orí amọ̀ inú rẹ̀, wọ́n ní omi kan òkúta náà ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 742 sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ òkúta fúnra rẹ̀ ti tó ọdún bílíọ̀nù 1.3. Yìnyín abẹ́ ilẹ̀ tí ooru yọ́ ni wọ́n rò pé omi náà ti wá. Ó sì fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú àwọn òkúta Nakhla, irú iyọ̀ tí ẹ fi ń se ọbẹ̀ gan-an. Ẹ wá ro ohun tí ẹ ń ṣe nígbà tí ẹ bá ki òkúta bọ inú omi ọṣẹ.

Síbẹ̀, omi ọṣẹ ò tó òòfà.

Ayé wa ní agbára òòfà tó ń wá láti inú irin yíyọ́ tó ń rú ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Máàsì òde òní kò ní in mọ́, ó ní in rí. Ìgbà tí agbára yẹn kú jẹ́ ìbéèrè ńlá, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé lẹ́yìn tó kú ni ìjì tó ń fẹ́ láti ara oòrùn ráàyè gbọn afẹ́fẹ́ Máàsì dànù díẹ̀díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá sì fúyẹ́ tán, odò kò lè ṣàn lórí ilẹ̀ mọ́: á dì, tàbí kó gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Máàsì ṣe rí nígbà tí odò wà níbẹ̀, kó lọ wá ọjọ́ orí òòfà rẹ̀.

Inú òkúta ni ọjọ́ orí yẹn wà, lára àwọn hóró magnetite, ohun alumọ́ní onírin tí òòfà ń fà, tí ojú lásán ò lè rí. Nígbà tí òkúta bá ń tutù, hóró wọ̀nyí á gba ìdarí agbára òòfà tó wà níbẹ̀ lákòókò náà, wọ́n á sì di ìdarí yẹn mú. Òkúta Máàsì kan tí wọ́n ń pè ní ALH84001, tí wọ́n ṣà ní Allan Hills ní Antarctica ní 1984, ti lé ní ọdún bílíọ̀nù 4. Hóró inú rẹ̀ fi hàn pé òòfà Máàsì ti ń ṣiṣẹ́ láyé ìgbà yẹn. Ní 2000, onímọ̀ kan, Benjamin Weiss, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi àwọn hóró náà mọ̀ pé inú òkúta náà kò gbóná kọjá 40°C láti ìgbà tó ti kúrò ní Máàsì títí tó fi balẹ̀ sáyé, nítorí bó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, apá kan àkọsílẹ̀ rẹ̀ ì bá ti pa rẹ́. Ariwo ta lórí òkúta yìí kan náà ní 1996 pé àmì ohun ẹlẹ́mìí wà nínú rẹ̀, Ààrẹ Clinton pàápàá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi ò rídìí tí wọ́n fi ń wá kòkòrò kiri nígbà tí òòfà wà níbẹ̀ láti kà.

Ẹ fetí sí èyí pẹ̀lú. Ní 1996 yẹn náà, NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, rán ọkọ̀ Mars Global Surveyor lọ sí Máàsì, wọ́n sì fi ẹ̀rún kékeré kan láti ara Zagami sínú rẹ̀. Òkúta tó já sí oko àgbàdo ní Katsina padà lọ ń yí Máàsì po. Ọkọ̀ yẹn gan-an ló rí i pé agbára òòfà àtijọ́ ṣì wà nínú àpáta apá gúúsù Máàsì. Orí mi máa ń wú nígbàkígbà tí mo bá sọ ọ́.

Òòfà ẹ̀rọ agbóhùnsókè fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po lágbára ju òòfà ayé tó ń darí kọ́ńpáàsì lọ. Ní kété tí ẹ bá fi kan òkúta, àwọn hóró yẹn á gba ìdarí tirẹ̀. Ẹni tó ti gbé òòfà lé káṣẹ́ẹ̀tì rí mọ̀ pé orin tó lọ kì í padà. Òkúta Máàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní Black Beauty, tó ti aginjù Sahara jáde ní 2011. Àwọn hóró zircon, ohun alumọ́ní líle kan, tó wà nínú rẹ̀ ti tó ọdún bílíọ̀nù 4.4, kò sí òkúta tó yẹ ká bi léèrè nípa òòfà Máàsì tó o. Ní 2023, àwọn onímọ̀ yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà àti ẹgbẹ́ wọn tẹ ìwé jáde pé òòfà ọwọ́ àwọn tó ń ṣà á àti àwọn tó ń tà á ti pa àkọsílẹ̀ inú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò rẹ́. Ó la gbogbo ewu ojú ọ̀nà já, ó la aginjù já, ó wá kú sọ́wọ́ oníṣòwò.

Ohun tó wá dun èèyàn jù ni pé òòfà kì í tilẹ̀ sọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀. Òkúta Máàsì kì í sábà ní ògidì irin nínú, òòfà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé e. Ìdàrọ́ ló ń gbé dáadáa! Ẹ̀rọ wà tí a fi ń wọn bí òkúta ṣe ń dáhùn sí òòfà láìpa ohunkóhun rẹ́. A mọ̀ ọ́n lò, ẹ jẹ́ ká lò ó.

Obìnrin kan gbé òkúta tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú wá bá mi. Inú ọ̀rá ni ohun tó kù wà, kò kún àtẹ́lẹwọ́. Bàbá náà ti máa ń sọ fún wọn pé ojú òun ló ṣe nígbà tó já sóko. Mo gbé ẹ̀rún kan sábẹ́ ìmọ́lẹ̀: èèpo dúdú tín-ín-rín lẹ́yìn, inú rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, irin ń kọ mànà níbì kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ti Máàsì, irin yẹn pọ̀ jù, ṣùgbọ́n òkúta ojú ọ̀run tòótọ́ ni. Mo bi í pé níbo ni ìyókù wà.

“Bàbá kan ló ní ká gbé e wá, Dókítà. Ó ní òkúta àwúre ni. Ó fi òòfà kàn án, ó fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ sè é, ó wá gún un. A pín in lá nínú ilé, ó sì ta ìyókù.”

Gbogbo ilé ti lá a, tó fi mọ́ àwọn ọmọ. Babaláwo tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fún ọmọ ní ohun tí kò mọ̀ jẹ. Mo ní kó kó àwọn ọmọ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí nickel máa ń wà nínú irú irin bẹ́ẹ̀, òkúta gígún kì í sì í ṣe oúnjẹ ẹnikẹ́ni. Ara wọn le, a dúpẹ́. Ọkùnrin yẹn ṣì ń ta àgúnmu. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìyẹ̀fun òkúta ojú ọ̀run wá fún yín pé kẹ́ ẹ lá a, ẹ sá fún un.

Bí nǹkan bá já lójú yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀. Ẹ fi fọ́ìlì tó mọ́ dì í, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ, kí fóònù, ẹ̀rọ agbóhùnsókè àti òòfà jìnnà sí i. Bí òjò bá ti pa á kí ẹ tó rí i, ẹ sọ fún wa, a ó fi sọ́kàn. Ẹ lè gbé e lọ sí ẹ̀ka jiọ́lọ́jì ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Ifẹ̀. Láti forúkọ òkúta sílẹ̀ lọ́dọ̀ Meteoritical Society, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ òkúta ojú ọ̀run, gíráàmù 20 ni wọ́n ń béèrè pé ká fi pamọ́ fún ìwádìí, bí òkúta bá kéré, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ti tó, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù pé a ó gba gbogbo rẹ̀.